Ọkọ Wa Tó Ń Kú Nínú Tẹlifíṣọ̀n

Mo mọ orúkọ gbogbo ènìyàn. Àwọn ọmọ mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ orúkọ ẹni tó ta ewúrẹ́ fún bàbá wọn ní ọdún ọ̀dá, kó wá bi mí. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ọdún mẹ́ta péré ni mo lò ní ilé ìwé, ṣùgbọ́n mo lè ka orúkọ gbogbo ẹni tí a jọ jókòó níbẹ̀, láti àga iwájú dé àga ẹ̀yìn, títí kan ọ̀gá tó ń nà wá. Síbẹ̀, ẹ ò ní rí orúkọ kankan nínú ohun tí mo ń kọ yìí. Ìyàwó ni wọ́n gbé mi wọ ilé yìí, ìyàwó ilé kì í sì í pe orúkọ àwọn tó bá nílé ọkọ. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ni mo ti ń sọ wọ́n ní orúkọ tèmi: Ẹyinjú-Ìyá, Òpéléńgé, Bàbá Kékeré. Mo ti di arúgbó báyìí, àwọn tí mo ń bọ̀wọ̀ fún ti lọ tán, ṣùgbọ́n ẹnu mi ò gbà á, ọwọ́ mi náà ò sì gbà á.

Ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ìyàwó tí ọkọ mi fẹ́ tẹ̀lé mi. Ìyàwó ni mo ń pè é títí ó fi ní ọmọ-ọmọ. Ìyáálé ni òun ń pè mí. Inú ọyẹ́ tó kọjá yìí ló kú, àga rẹ̀ ṣì wà níbi tó wà, n kò jẹ́ kí wọ́n gbé e. Mo fẹ́ kọ bí ó ṣe ku díẹ̀ kó fi mí sílẹ̀ lọ sí ìlú Páràkú nígbà kan, tí n kò mọ ọ̀nà tí mo lè gbà sọ fún un pé kó má lọ, nítorí pé ọdún méje gbáko ni a fi yan ara wa lódì. N kò sì lè sọ ọ́ kí n má mẹ́nu ba òyìnbó Amẹ́ríkà kan, òṣèré inú fíìmù, tí kò mọ̀ rárá pé a wà láyé.

Ikú ọkọ wa ló dá ìjà náà sílẹ̀. Oko ni mo wà lọ́jọ́ náà, lọ́nà Bẹ́sẹ́, mò ń bẹ iṣu tí a fẹ́ sá fún èlùbọ́. Yàrá Ìyàwó ni ọkọ wa sùn. Ọlọ́kadà ni wọ́n rán sí mi pé kí n máa bọ̀, pé ara bàbá ò yá. Ìgbà tí mo fi dé ilé, wọ́n ti na ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n ti pa á lójú dé. Èépá iṣu ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo wo òkú, mo wo Ìyàwó, mo sì sọ ọ̀rọ̀ kan lójú gbogbo ẹbí.

Mo ní, "O gba ikú ọkọ mi mọ́ mi lọ́wọ́."

Pé òun ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀ tó fi kú, tí èmi sì wà lóko, ni mo ń wí. Ó fa ìborùn rẹ̀ bojú. Láti ọjọ́ náà ni kò ti bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, èmi náà ò sì bá a sọ.

Ẹni tí kò bá gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ rí lè rò pé ilé náà dákẹ́. Kò dákẹ́. A ń sọ̀rọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àmọ́ ewúrẹ́ ni à ń bá sọ ọ́, tàbí adìẹ, tàbí ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá. Bí ìkùukùu òjò bá ṣú lórí àpáta ìlú wa, tí mo sì sá iṣu síta, Ìyàwó á jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tirẹ̀, á sọ fún ewúrẹ́ pé, "Ìwọ yìí, ẹni tó ni iṣu ò mọ̀ pé òjò ń bọ̀ ni?" Èmi náà á dìde, n ò ní wojú rẹ̀, màá sọ fún ewúrẹ́ náà pé kó ṣeun. Ewúrẹ́ yẹn gbọ́ ọ̀rọ̀ púpọ̀ nílé wa.

Ọmọbìnrin mi tó wà ní Kútọnú ló fi tẹlifíṣọ̀n ránṣẹ́. Ó ní kí wọ́n gbé e sí pálọ̀ bàbá, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ti ẹnì kan ni. Ọmọ náà gbọ́n. Pálọ̀ yẹn ní ilẹ̀kùn méjì, ọ̀kan já sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, èkejì já sí ti Ìyàwó. Mo gbé àga mi sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn mi, òun náà gbé tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, tẹlifíṣọ̀n wà láàárín wa bí adájọ́.

Lẹ́yìn ìròyìn ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń ṣe fíìmù àwọn ará Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ti fi Faransé bò lóhùn. Ẹnu òyìnbó á ti pa dé, ohùn á ṣì máa jáde. Mo gbọ́ Faransé díẹ̀ láti ọdún mẹ́ta tí mo sọ yẹn, mo sì tún gbọ́ sí i lọ́jà. Ṣùgbọ́n ojú òyìnbó, bákan náà ni gbogbo rẹ̀ rí lójú mi, bí ẹyin adìẹ nínú apẹ̀rẹ̀. Ìyàwó ò gbọ́ Faransé kankan. Ọmọ oníṣòwò aṣọ láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni, wọn ò fi í sí ilé ìwé níhìn-ín tàbí lọ́hùn-ún. Àmọ́ kì í gbàgbé ojú. Ó ta ìrẹsì ní ìdíkọ̀ ojú irin fún ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣì ń gbé èrò. Ẹni tó bá rà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tó bá tún kọjá lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, lójú fèrèsé ọkọ̀ ni Ìyàwó yóò ti bi í pé ṣé kí òun tún yọ ata rẹ̀ kúrò bíi tọjọ́sí.

Fíìmù kan wà tí àwọn olè fẹ́ ja ilé ìfowópamọ́. Awakọ̀ wọn jókòó síta, ó ń jẹ nǹkan kan nínú bébà, ọlọ́pàá yìnbọn fún un kó tó gbé e mì. Òun ló kọ́kọ́ kú. N kò tilẹ̀ wojú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, fíìmù mìíràn, dókítà kan jáde láti yàrá iṣẹ́ abẹ, ó ń bọ́ ìbọ̀wọ́, ó fẹ́ sọ fún obìnrin kan pé ọkọ rẹ̀ ò gbádùn. Ni Ìyàwó bá nàró lórí àga rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n ló bá wí.

Ó ní, "Ìwọ, kí lo tún wá ṣe níbí? Ṣebí o kú lánàá."

Mo sọ fún tẹlifíṣọ̀n pé kó jọ̀wọ́ ṣàlàyé fún àwọn kan pé dókítà ni eléyìí, pé awakọ̀ ni èyí tó kú. Ìyàwó sọ fún tẹlifíṣọ̀n pé ẹni tí Ọlọ́run bá fún lójú, kó wo etí òsì ọkùnrin náà, pé ó ká wálẹ̀ lókè bí ewé tí oòrùn pa. Mo wò ó. Ó ká bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ẹ̀rín gbọ̀n mí, mo sì fi aṣọ bò ó mọ́lẹ̀.

Láti ìgbà náà la ti ń ṣọ́ ọ. Èmi ni mo ń gbọ́ ọ̀rọ̀, òun ló mọ ojú. Bí ó bá ti yọ, á ní, "Ó dé," èmi á sì máa tú ohun tó ń sọ sí Yorùbá, ojú tẹlifíṣọ̀n ni mo máa ń kọ sí. Kì í sábà jẹ́ olórí fíìmù. Ọlọ́pàá tó ń kọ̀wé nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ ń bèèrè ọ̀rọ̀ ni, tàbí ẹni tó ń ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n. Ó ṣe bàbá ìyàwó tó ń sunkún níbi ìgbéyàwó, ó ṣe adájọ́, ó ṣe pásítọ̀, ó ṣe ẹni tó ń ta ọtí tó sì gbọ́ àṣírí gbogbo ènìyàn. Nǹkan kan kì í wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀: ife, fìlà, ìdì kọ́kọ́rọ́, fáìlì. Bí ó bá fẹ́ wọ ilé ènìyàn, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ kan nínú, ẹsẹ̀ kan níta, bí ẹni tí kò dá a lójú pé wọ́n pè é. Àwọn arẹwà fíìmù á máa pariwo, á máa fẹnu ko ara wọn lẹ́nu, òun á kàn wo ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìwọ tó ò ń wò ó á mọ̀ pé ó mọ òótọ́ ọ̀rọ̀ náà.

Ó kú títí. Wọ́n yìnbọn fún un, ó já bọ́ láti orí òrùlé, ejò ṣán an nínú aṣálẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, tàbí lọ́sẹ̀ kejì, á tún yọ níbòmíràn pẹ̀lú orúkọ mìíràn àti ohùn mìíràn, nítorí pé kì í ṣe ẹnì kan náà ló ń fi Faransé bò ó lóhùn. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń ṣe fíìmù náà fún wa kì í tẹ̀lé ọdún. Lónìí, irun rẹ̀ á funfun, á máa fi ọ̀pá rìn. Lọ́la, á di ọ̀dọ́kùnrin tó ń sáré.

Ibí yìí ni àríyànjiyàn wa ti bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó ní àkúdàáyà ni. Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹni tó bá kú láìtọ́jọ́ lè lọ tẹ̀dó sí ìlú mìíràn, kó máa ṣiṣẹ́, kó tilẹ̀ fẹ́yàwó, títí ẹni tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ yóò fi dé, tí yóò sì pòórá. Ìyàwó ní ìdí nìyẹn tí ọkùnrin yìí kì í fi í jókòó síwájú. Ó ní ẹni tó ti kú rí ò ní jẹ́ dúró níbi tí iná ti mọ́lẹ̀ jù, kí ará ilé rẹ̀ má baà rí i. Iṣẹ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri ló máa ṣe, á ṣílẹ̀kùn, á wakọ̀, á kọ̀wé, á sì kúrò kí ẹnikẹ́ni tó bi í pé ọmọ ta ni.

Èmi ní kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Mo ní alágbàṣe ni. Mo ní bí àwọn tó ń wá láti àríwá ní àkókò kajú ṣe rí, tí wọ́n á ṣa kajú lóko eléyìí lónìí, tí wọ́n á ro oko onítọ̀hún lọ́la, tí wọn ò ní oko tiwọn, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni tirẹ̀. Àwọn arẹwà ló ni oko. Òun ló ń ro ó. Mo sọ fún tẹlifíṣọ̀n pé alágbàṣe tó mọ iṣẹ́ kì í sinmi. Ìyàwó sọ fún tẹlifíṣọ̀n pé òun ò rí alágbàṣe tó ń kú lóko lọ́jọ́ Ajé, tó tún ń ro oko mìíràn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun rí.

Olùkọ́bìnrin kan háyà yàrá iwájú nílé wa nígbà náà. Ó gbọ́ ariwo wa, ó wọlé, ó wo ọkùnrin náà, ó sì wá a lórí fóònù rẹ̀. Ó rí i. Ó ní ìlú kékeré kan ni wọ́n ti bí i, pé ó wa ọkọ̀ akẹ́rù kó tó di òṣèré, pé iṣẹ́ kékeré kékeré ló fi ń tọ́ ọmọ. Ó fi àtàǹpàkò fa àkọsílẹ̀ fíìmù rẹ̀ lójú fóònù, ó fà á, ó fà á, kò tán. Mo ní, "Ẹ rí i? Alágbàṣe." Ìyàwó bèèrè bóyá ó ti kú. Olùkọ́ ní ó wà láyè, ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ìyàwó ní fóònù ò lè mọ ìyẹn. Ó bèèrè iye ìyàwó tó ní. Olùkọ́ ní ẹyọ kan. Ìyàwó mi orí, ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìdí nìyẹn tí ojú rẹ̀ fi máa ń rí bí ẹni tí kò rí ẹni bá jiyàn. Olùkọ́ sọ orúkọ rẹ̀ fún wa pẹ̀lú. Mo mọ̀ ọ́n, n kò gbàgbé, mo sì ti sọ ìdí tí n kò fi ní kọ ọ́. Ó ti di ará ilé.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan wọ́n fún un ní iṣẹ́ ńlá. Bàbá tó ń wá ọmọbìnrin rẹ̀ ló ṣe, ó sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n sún mọ́ ojú rẹ̀ débi pé a rí ihò imú rẹ̀. Nígbà tí ó di ìdajì fíìmù, Ìyàwó dìde, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ, ó padà wá pẹ̀lú gèlè lórí. Kò sọ nǹkan kan. Ó jókòó, ó tún gèlè náà ṣe, ó sì ń wo ọkùnrin náà bí ẹni tí àlejò pàtàkì wá kí.

Báyìí tí Ìyàwó ò sí mọ́, èmi nìkan ni mo máa ń tan tẹlifíṣọ̀n. Mo gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ. N kò mọ ẹni tó ń sọ ọ́. Bí bàbá arúgbó kan bá yọ, màá sún àga mi mọ́ ọn, màá máa wá etí òsì, àmọ́ wọn kì í dúró kí ènìyàn wò wọ́n tán.

Ẹ má rò pé tẹlifíṣọ̀n parí ìjà wa. Bí fíìmù bá ti tán, ẹnu wa náà á pa dé. Bí kúráǹ, iná mànàmáná, bá lọ láàárín ọ̀rọ̀, àárín ọ̀rọ̀ náà la máa fi í sí, oníkálùkù á gba ilẹ̀kùn tirẹ̀ wọlé. Òfin tí ẹnikẹ́ni ò ṣe ni, ṣùgbọ́n a pa á mọ́ ju òfin ìjọba lọ.

Ọdún kan, nígbà tí kajú ń pọ́n, ọmọ Ìyàwó tó ń ṣe mẹkáníìkì ní Páràkú wá kí wa. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, ó sì sọ fún mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé òun ti kọ́ ilé, pé òun ti fi yàrá kan sílẹ̀ fún ìyá òun. Eékún ìyá òun ń dùn ún, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń ru, lópítàlì, ilé ìwòsàn ńlá, sì wà nítòsí òun. Bí kajú bá tán, kí òjò tó le, òun á wá gbé e. Ọmọ dáadáa ni. Kò sí ibi tí mo lè dì mú nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo ní Ọlọ́run á bùkún fún un. Ìyàwó wà níbẹ̀, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo igi kajú bí ẹni ń wo oògùn tó ń tán nínú ìgò. Mo fẹ́ sọ fún Ìyàwó pé kó má lọ. Kí ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀? Ẹni tí mo fẹ̀sùn kàn lójú ẹbí, tí n kò bá sọ̀rọ̀ fún ọdún méje àfi nípasẹ̀ òyìnbó, ṣé màá kàn dìde lọ́jọ́ kan kí n ní kó dúró tì mí nítorí pé ẹ̀rù ń bà mí? Mo gbìyànjú láti sọ ọ́ fún ewúrẹ́. Kò jáde lẹ́nu mi.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan ni wọ́n ṣe fíìmù tí ọkùnrin wa ti kú sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ti di bàbá àgbà nínú èyí, ó dùbúlẹ̀ ní lópítàlì, àwọn ọmọ yí i ká. Ó pè wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó bẹ eléyìí, ó dárí ji onítọ̀hún, ó sọ ibi tí ìwé ilẹ̀ wà. Mò ń tú u sí Yorùbá, omi ń bọ́ lójú mi. Ìyàwó pòṣé.

Ó ní, "Nínú gbogbo ikú tó ti kú, èyí nìkan ni kò mọ̀ ọ́n kú. Ọkọ wa ò sọ̀rọ̀ tó báyẹn."

Mo gbọ́ ọ. Ọkọ wa. Láti ọjọ́ tí bàbá ti kú, ọkọ mi ni èmi ń wí, bàbá àwọn ọmọ mi ni òun ń wí. N kò yíjú. Òun náà ò yíjú sí mi. Tẹlifíṣọ̀n ló ń wò nígbà tó ń sọ ìyókù.

Ó ní lọ́jọ́ náà, ọkọ wa jẹun tán, ó ní ooru àpáta ti wọ ilé, kí òun ṣí fèrèsé. Òun ṣí i. Bàbá tún ní kí òun bu omi wá, kó jẹ́ omi ìkòkò Ìyáálé, nítorí pé tirẹ̀ ló tutù jù. Òun gba ẹ̀yìn ilé lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, òun bu omi. Nígbà tí òun padà dé, ó ti fẹ̀yìn ti ògiri, ojú rẹ̀ ti pa dé. Òun rò pé oorun ló gbé e lọ. Òun ò fẹ́ jí i.

Ó ní, "Mo dúró pẹ́, mo di ife mú. Mo rò pé ó ń sùn ni, Ìyáálé. N kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ yín. Èmi náà ò bá a láyè."

Mo bèèrè bóyá ọkọ wa mu nínú omi náà. Ó ní kò mu ún.

Fíìmù náà ń lọ, kò sẹ́ni tó tú u mọ́. Nígbà tó parí, n kò dìde, òun náà ò dìde. Nígbà tó ṣe, mo wọ ilé ìdáná lọ, mo gún iyán, mo bu tirẹ̀ sí àwo tó dára jù, mo gbé e síwájú rẹ̀. Ó jẹ ẹ́. Ó fọ àwo náà, ó da ìwọ̀nba ilá sínú rẹ̀, ó gbé e padà fún mi, nítorí pé a kì í dá àwo padà ní òfìfo. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì tún bà mí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo rò ó pé ẹni tó bá fẹ́ rìnrìn àjò ló máa ń tú irú ẹrù bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ó ti sọ tirẹ̀, ọkàn rẹ̀ ti fúyẹ́, ó lè máa lọ. Ọ̀rọ̀ tó kù, ọwọ́ mi ló wà.

Kajú tán. Ọmọ rẹ̀ dé láàárọ̀ ọjọ́ kan pẹ̀lú ọkọ̀ tó yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó di gbogbo ẹrù ìyá rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀: àpò aṣọ méjì tó kún fọ́fọ́, ìkòkò ìrẹsì àtijọ́, àwọn ẹní, igbá èlùbọ́ tí mo fún un. Àwọn ará àdúgbò wá dágbére. Ìyàwó rọra jókòó sí iwájú ọkọ̀, ó ti gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé eékún tó ń dùn ún. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ síwájú mi, ó ní kí n ṣàdúrà ìrìn àjò fún àwọn, nítorí pé èmi ni ìyá àgbà ilé.

Mo ya ẹnu láti ṣàdúrà. Mo ní, "Ìyàwó, má lọ."

Gbogbo wọn wò mí. Ìyàwó ní, "Ẹ ní kí ni?"

"Mo ní má lọ."

Ó fi ọwọ́ sí etí. Ó ní òun ò gbọ́ dáadáa, pé etí tí ènìyàn ò bá sọ̀rọ̀ fún ọdún méje, ó máa ń dí. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mo mọ ohun tó ń bèèrè lọ́wọ́ mi. Gbèsè iwájú ènìyàn ni, n kò lè san án ní kọ̀rọ̀.

Mo ní, "Ojú gbogbo ènìyàn ni mo ti fẹ̀sùn kàn ọ́. Ojú wọn náà ni mo ti ń bẹ̀ ọ́. Ohun tí mo sọ lọ́jọ́ tí ọkọ wa kú, kò rí bẹ́ẹ̀. O ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Má fi mí sílẹ̀."

Ìyàwó wo iwájú, níbi tí ọ̀nà Páràkú gbà kọjá. Lẹ́yìn náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gbé e padà síta. Ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kó bá òun kí ìyàwó rẹ̀, kó sì já ẹrù òun sílẹ̀. Ọmọ náà bèèrè pé ilé tí òun kọ́ ńkọ́. Ó ní ilé kì í sá, òun á máa wá kí i. Ọmọ náà tún bèèrè pé lópítàlì ńkọ́. Ó ní ti ibí náà ní dókítà. Ọmọ náà wò mí bí ẹni tí mo jí nǹkan rẹ̀ kó, ojú tì mí, ṣùgbọ́n n kò kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Ó já ẹrù náà kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó kùn díẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún àwa méjèèjì, ó sì wakọ̀ rẹ̀ lọ.

Àwọn àpò náà wúwo ju agbára wa lọ. A tú wọn síta gbangba, a ń kó aṣọ wọlé ní méjì méjì, mẹ́ta mẹ́ta. Àwọn tó ń kọjá lójú ọ̀nà ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n rí Ìyàwó láàárín ẹrù, wọ́n rò pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìn àjò dé. Ọkùnrin kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ dúró, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ o, Ìyá." Ìyàwó dáhùn pé a dúpẹ́. Obìnrin méjì tó ń ti oko bọ̀ kí i pé ó kú ìrìn, wọ́n bèèrè àwọn ará ọ̀hún. Ó ní wọ́n wà dáadáa, wọ́n kí wọn.

Mo ní kí ló dé tó fi ń dá wọn lóhùn, nígbà tí kò kúrò lójú kan. Ó ní, "Ọ̀nà tí mo ti ń bọ̀ jìn, Ìyáálé. Ẹ̀yin náà ò tíì kí mi."

Mo gbé igbá èlùbọ́ náà sí ìbàdí. Mo ní káàbọ̀. Ó ní ẹ ṣeun. A sì kó ìyókù wọlé kí òjò tó dé.